Kí ló dé tí ère odò Náílì ní Piazza Navona fi aṣọ bojú?

Nítorí pé nígbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ, àwọn ará Yúróòpù kò tíì mọ ibi tí odò Náílì ti ṣẹ̀ wá.

Ère náà wà lára Orísun Odò Mẹ́rin, ìsun omi tí wọ́n fi ère ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ní gbàgede Piazza Navona ní Róòmù, tí Gian Lorenzo Bernini ṣe fún Póòpù Innocent Kẹwàá láàárín ọdún 1648 sí 1651. Náílì dúró fún Áfíríkà, Ganges fún Éṣíà, Danube fún Yúróòpù, Río de la Plata fún Amẹ́ríkà. Bernini ló ya àwòrán iṣẹ́ náà. Giacomo Antonio Fancelli ló gbẹ́ ti Náílì. Aṣọ bò ó lórí títí dé ojú, igi ọ̀pẹ wà lára àpáta, kìnnìún sì ń mu omi nísàlẹ̀.

Àwọn kan ń sọ pé ńṣe ló ń bojú kó má baà rí ṣọ́ọ̀ṣì Sant'Agnese tó wà níwájú rẹ̀, iṣẹ́ Borromini, ayàwòrán ilé tó ń bá Bernini díje. Ìtàn dídùn ni, àmọ́ kò lè jẹ́ òótọ́: ọdún 1652 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà, ère ti wà ńlẹ̀ nígbà yẹn.