Bíréèkì Tó Ń Wọlẹ̀ Láìjò

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Bí mo bá tẹ bíréèkì níbi iná ojú títì, á kọ́kọ́ le, lẹ́yìn náà á máa wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi kanlẹ̀. Mẹkáníìkì ti pààrọ̀ páàdì iwájú, pàbó ló já sí. N kò sì rí ibi tó ń jò. Kí ló ń ṣe é?
Awakọ̀, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Owó páàdì ti lọ lásán o. Másítà bíréèkì ni kí ẹ fura sí. Rọ́bà róbótó tó wà lára písítìnì inú rẹ̀ ló ń ti ọ́ìlì bíréèkì lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Bí rọ́bà náà bá ti jẹ, tàbí tí inú másítà ti dógùn-ún, ọ́ìlì á máa gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà yọ́ padà sínú ike ọ́ìlì tó wà lórí másítà. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ fi gbẹ.

Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Bó bá ń wọlẹ̀, tí ọ́ìlì inú ike kò dín, másítà ni. Bí ọ́ìlì bá ń dín láti ọjọ́ dé ọjọ́, ẹ tú nọ́ọ̀tì méjì tó so másítà mọ́ búsítà (agolo ńlá tó ń ran ẹsẹ̀ yín lọ́wọ́ láti tẹ bíréèkì), ẹ fà á síwájú díẹ̀, kí ẹ fi ìka kan ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ìka bá rin, inú búsítà ló ń jò sí. Bó bá gbẹ, ẹ ṣí ìlù bíréèkì ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wò, bóyá ibẹ̀ ló ń jò. Èyí tó bá rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tó wá ń le bí ẹ bá pọ́ńpù ú lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, afẹ́fẹ́ ló wọ páìpù.

Odidi másítà ni kí ẹ rà. Rọ́bà tuntun nínú másítà tó ti ha kì í pẹ́. Kí wọ́n tó dè é, kí wọ́n fi há fáìsì (irin tó ń di nǹkan mú lórí tábìlì iṣẹ́), kí wọ́n da ọ́ìlì sí i, kí wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì darí ẹnu rẹ̀ padà sínú ike, kí wọ́n wá máa rọra ti písítìnì títí kò fi ní yọ ìfóòfó mọ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ń fò nìyí, tí wọ́n á fi gbogbo ọ̀sán pọ́ńpù lásán. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí wọ́n lé afẹ́fẹ́ jáde: ẹ̀yìn ọ̀tún, ẹ̀yìn òsì, iwájú ọ̀tún, iwájú òsì, àfi bí ìwé ọkọ̀ bá sọ nǹkan mìíràn. Ẹnì kan á tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, èkejì á tú nípù (ẹnu kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde lẹ́sẹ̀ ọkọ̀) díẹ̀, á sì dì í kí ẹni àkọ́kọ́ tó gbé ẹsẹ̀. Bó bá tètè gbé e, afẹ́fẹ́ ló fà wọlé yẹn.

Ìbéèrè: Ọ́ìlì bíréèkì DOT 3 tí mo ṣí lọ́dún tó kọjá ṣẹ́kù. Ṣé kí n lò ó?

Ìdáhùn: Ẹ dà á nù. Ó ti ń mu omi inú afẹ́fẹ́ láti ìgbà náà. Tuntun kì í hó kó tó dé 205°C, èyí tó ti mu omi lè hó ní 140°C. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gígùn, bíréèkì á gbóná, ọ́ìlì á hó, ẹsẹ̀ yín á kàn bá òfo ni. Ẹ má sì fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dípò rẹ̀ láé. Ó máa ń mú rọ́bà wú. Ṣíbí kan péré, gbogbo rọ́bà láti másítà dé kálípà tó ń fún páàdì pọ̀ lẹ máa pààrọ̀.