Balùwẹ̀ Tí Kò Ní Ògiri Nínú Yàrá Tọkọtaya

ÌBÉÈRÈ: Àsàlámù alékùm, Ààfáà wa. Mò ń kọ́ ilé kan lọ́wọ́ ní Ìbàdàn. Nínú àwòrán tí ayàwòrán-ilé gbé wá, inú yàrá èmi àti ìyàwó mi gan-an ni balùwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, láìsí ògiri tàbí ilẹ̀kùn láàárín wọn. Gíláàsì kan tó mọ́ gaara ni yóò máa dá omi dúró. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní àwọn òtẹ́ẹ̀lì ńlá nìyẹn. Ìyàwó mi kò fẹ́ ẹ, mo sì sọ fún un pé kò sí èèwọ̀ láàárín tọkọtaya. A bí ọmọ méjì, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 9, èkejì jẹ́ ọmọ ọdún 5, ìyá ìyàwó mi náà a sì máa wá lò tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ́dọ̀ wa. Inú yàrá yìí kan náà ni a ti máa ń kírun òru. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ̀sìn sọ?

ÌDÁHÙN: Wà alékùm sàlámù wàráhúmátúláhì wàbàrákátúhù. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad.

Òótọ́ ń bẹ nínú ohun tí ẹ sọ fún ìyàwó yín, ibẹ̀ ni n ó sì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀sìn gba tọkọtaya láàyè láti rí ìhòhò ara wọn. Aisha, ìyàwó Ànábì, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, sọ nínú hadith tí Bukhari àti Muslim, àwọn onímọ̀ méjì tó kó hadith jọ, gbà wá pé inú ohun èlò omi kan ṣoṣo ni òun àti Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ti máa ń bu omi wẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí àwọn kan ń gbé kiri, pé Aisha ní òun kò rí ìhòhò Ànábì rí, àwọn onímọ̀ hadith ti ṣàlàyé pé ìgbàwá rẹ̀ kò lágbára. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ pé kí ọkọ rí ìyàwó rẹ̀ níbi tó ti ń wẹ̀ nìkan ni ẹ bi mí, n kò ní pè é ní haráàmù.

Ṣùgbọ́n pé ọkọ lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ìyàwó rẹ̀ kò gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ìyàwó láti ní ibi tí yóò ti bo ara rẹ̀. Saabe kan bi Ànábì léèrè nípa ìhòhò, gẹ́gẹ́ bí Abu Dawud àti Tirmidhi, tí àwọn náà kó hadith jọ, ṣe gbà á wá, Ànábì sì dá a lóhùn pé kí ó pa ìhòhò rẹ̀ mọ́ àfi lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀ tàbí ẹrúbìnrin rẹ̀. Ọkùnrin náà tún béèrè pé bí ènìyàn bá dá wà ńkọ́, Ànábì sì ní Ọlọ́hun ni ó tọ́ jù lọ pé kí a máa tijú fún. Ní ọjọ́ tí wọ́n ṣẹ́gun Mẹ́kà, Umm Hani lọ bá Ànábì níbi tó ti ń wẹ̀, ó sì rí i pé Fatimah ọmọ rẹ̀ fi aṣọ ta á mọ́. Kò sí ẹni tó nífọ̀kànbalẹ̀ nínú ilé rẹ̀ tó Ànábì, síbẹ̀ ó ń fẹ́ ìbòrí nígbà tó bá ń wẹ̀.

Ti ìgbọ̀nsẹ̀ tún wá le ju ti ìwẹ̀ lọ. Jíjọ wẹ̀ ni Aisha ròyìn. Ní ti ìgbọ̀nsẹ̀, Mughirah ọmọ Shu'bah tí wọ́n jọ rìnrìn àjò sọ pé Ànábì rìn títí tí òun kò fi rí i mọ́ kó tó ṣe bùkátà rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ro ti ìyàwó yín dáadáa: obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù, tó ń bímọ, tí inú lè máa run ún lóru, ẹ fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ máa ṣẹlẹ̀ lójú yín lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìtìjú rẹ̀ kì í ṣe àìgbọràn, nítorí Ànábì sọ pé ìtìjú jẹ́ ẹ̀ka kan nínú ìgbàgbọ́. Ohun tí Ọlọ́hun ṣe ní ẹ̀tọ́ kò di ohun tí ẹ ó fi dandan mú un ṣe. Lójú tèmi, kíkọ̀ tí ó kọ̀ yìí nìkan tó láti yí àwòrán náà padà.

Ẹ wá wo àwọn ọmọ, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà jù. Nínú Suuratun-Nuur, àáyà 58, Ọlọ́hun pàṣẹ pé kí àwọn ẹrú àti àwọn ọmọ tí kò tí ì bàlágà máa tọrọ àyè kí wọ́n tó wọlé ní ìgbà mẹ́ta: ṣáájú ìrun Àsùbáà, ní ọ̀sán nígbà tí ẹ bá bọ́ aṣọ sílẹ̀, àti lẹ́yìn ìrun Iṣái. Bí wọ́n bá sì ti bàlágà, àáyà 59 ní kí wọ́n máa tọrọ àyè nígbà gbogbo. Àwọn ará inú ilé gan-an ni Ọlọ́hun ń bá wí níbẹ̀. Ìmáàmù Malik gbà á wá nínú ìwé hadith rẹ̀, Muwatta, pé ọkùnrin kan bi Ànábì bóyá kí òun tọrọ àyè lọ́dọ̀ ìyá òun, Ànábì ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní inú ilé kan náà ni àwọn ń gbé, Ànábì sì bi í pé, "Ṣé o fẹ́ rí i ní ìhòhò ni?"

Nínú yàrá tí ẹ yà yìí, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló dá yín sí. Ọjọ́ tí ẹ bá gbàgbé láti tì í, tí ọmọ ọdún 5 sáré wọlé nítorí àlá burúkú, tàbí tí ìyá ìyàwó yín ṣí ilẹ̀kùn wọlé, kò sí ìbòrí kejì mọ́. Ní agbo ilé àwọn bàbá wa, balùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé lè jẹ́ páànù tàbí imọ̀ ọ̀pẹ lásán, síbẹ̀ ẹni tó wà níbẹ̀ yóò fi ìró kọ́ sára balùwẹ̀ náà kí ẹlòmíràn lè mọ̀, ẹni tó ń bọ̀ yóò sì wúkọ́. Abu Dawud gba ọ̀rọ̀ Ibn Abbas, Saabe Ànábì, wá pé nígbà tí àáyà 58 yìí sọ̀ kalẹ̀, ilé àwọn ènìyàn kò ní aṣọ ìkélé, nígbà tó yá ni Ọlọ́hun fún wọn ní aṣọ ìkélé àti ọrọ̀. Ó ń dùn mí pé àwọn tó ní owó lákòókò wọn fi bo ara, àwa sì ń san owó láti ṣí i.

Ní ti ìrun, ó dára bí ibi tí ẹ dúró sí bá mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ kan kórìíra kí a kọjú sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láìsí ohun tó dá a sí. Ọ̀rinrin omi àti òórùn tí yóò máa wá sórí ẹní ìrun yín yóò sì kó yín sí iyèméjì. Àdúà ìwọlé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà, níwọ̀n ìgbà tí kò sí ẹnu ọ̀nà, ẹ ó máa ṣe é kí ẹ tó ká aṣọ sókè.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí: ẹ ní kí bíríkìlà fi búlọ́ọ̀kù yí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ká dé òkè àjà, kí ó ní ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Bí ìyàwó yín bá gbà, ibi ìwẹ̀ lè wà nítòsí bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n kí gíláàsì rẹ̀ jẹ́ èyí tí ojú kò lè là kọjá. Kí àwọn ọmọ sì ti máa kọ́ láti kan ilẹ̀kùn láti ìsinsìnyí. Níwọ̀n ìgbà tí wọn kò tí ì ri páìpù mọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n yí àga ìgbọ̀nsẹ̀ kúrò ní ìlà-oòrùn tó tẹ̀ sí àríwá, tí í ṣe kíbúlà wa ní Ìbàdàn, ibi tí a ń kọjú sí kírun, kí ó má sì kẹ́yìn sí i. Ọ̀nà òfin Ìmáàmù Malik gba kíkọjú tàbí kíkẹ́yìn sí kíbúlà níbi ìgbọ̀nsẹ̀ láàyè nínú ilé tó ní ògiri, ṣùgbọ́n yíyí i padà kò ní ná yín ní nǹkan kan báyìí.

Ọlọ́hun ni Ó mọ̀ jù lọ.