Ìpín iléeṣẹ́ tó ń pàdánù: ṣé kí n fi owó kọ́pẹ́rétíìfù mi rà á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ṣọ́ọ̀bù pròfíṣàn ni mo ní ní Ṣábó, Ìkòròdú níbí, ó ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo fẹ́ béèrè nípa ìpín iléeṣẹ́ kan tí mo ń ta ọjà wọn lójoojúmọ́. Ní bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ₦60 ni ìpín wọn kan. Ó ti wálẹ̀ di ₦18 báyìí, ọdún méjì sì rèé tí wọn ò san èrè kankan fún onípìn-ín. Ọmọ mi ọkùnrin ní ó ti dọ̀pọ̀, ìgbà yìí gan-an ló yẹ ká rà á. Mo gba ₦750,000 ní kọ́pẹ́rétíìfù, ọjà ọdún ni mo fẹ́ fi kó tẹ́lẹ̀. Ṣé kí n fi ra ìpín náà? Ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa ní kí n kó owó náà fún òun, òun á bá mi rà á.

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú òwò. Mo yọ orúkọ iléeṣẹ́ náà kúrò nínú lẹ́tà yín, nítorí kì í ṣe òun nìkan ló wà nírú ipò yìí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá yín lóhùn: ẹ má fi owó ọjà ọdún rà á. Bóyá ẹ lè fi owó mìíràn ra díẹ̀, ọwọ́ ohun tó ń fa àdánù iléeṣẹ́ náà ló wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ṣábó sì mọ apá kan nínú ohun náà ju èmi tí mo jókòó sí Marina lọ.

Ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ "ó ti dọ̀pọ̀" ná. Tí owó páálí mílíìkì bá wálẹ̀, iye agolo inú rẹ̀ ò yí padà. Ìpín ò rí bẹ́ẹ̀. Apá kékeré nínú iléeṣẹ́ ni ẹ ń rà. Tí gbèsè bá ti wọ inú iléeṣẹ́ náà lọ, agolo inú páálí ti dín. Ẹni tó rà á ní ₦30 náà rò pé ó ti dọ̀pọ̀, torí ó ti fi ìdajì wálẹ̀ sí ₦60. Ká ní ₦750,000 ló fi rà á, ìpín 25,000 ló gbà. Ní ₦18, ₦450,000 ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí òfin kankan tó ní ₦18 ni ìsàlẹ̀, kí ó sì tó padà sí ₦60, ó ní láti di ìlọ́po mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo mọ bó ṣe ń dunni. Nígbà tí ọjà ìpín wó lulẹ̀ ní 2008, mo ra ìpín iléeṣẹ́ kan tí owó rẹ̀ ń jábọ́. Bó ṣe ń jábọ́ sí i ni mo ń rà kún un, mo ń sọ fún ara mi pé kò lè wálẹ̀ mọ́. N kò ṣí ojú ewé gbèsè nínú ìwé ìṣirò wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Owó ilẹ̀ tí èmi àti ìyàwó mi ń tù jọ ló bá a lọ. Láti ìgbà yẹn, kí n tó wo iye tí wọ́n ń ta ìpín, mo máa ń béèrè pé: kí ló ń jẹ èrè iléeṣẹ́ yìí?

Lọ́dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọjà tí a ń lò nílé, ìdáhùn ìbéèrè yẹn sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan nínú méjì. Èkíní ni dọ́là. Ní June 2023, báńkì àpapọ̀ jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà. Dọ́là kan tó wà ní nǹkan bíi ₦470 tẹ́lẹ̀ kọjá ₦900 kí ọdún náà tó parí, nígbà tí 2024 sì máa fi tán, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹ wá rò ó: iléeṣẹ́ tó jẹ gbèsè mílíọ̀nù 100 dọ́là, bílíọ̀nù ₦47 ló jẹ tẹ́lẹ̀. Láìyá kọ́bọ̀ kún un, gbèsè yẹn di bíi bílíọ̀nù ₦150 láàárín ọdún kan ààbọ̀. Ohun tó dé bá Nestlé Nigeria nìyẹn. Àdánù bílíọ̀nù ₦79 ní 2023, bílíọ̀nù ₦164 ní 2024, bẹ́ẹ̀ ọjà wọn ń tà: láti bíi bílíọ̀nù ₦547, títà wọn gòkè lọ sí nǹkan bíi bílíọ̀nù ₦958. Iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń mú èrè wá. Èlé àti gbèsè dọ́là ló jẹ ẹ́. Nígbà tí náírà dúró díẹ̀ ní 2025, èrè bẹ̀rẹ̀ sí í padà.

Èkejì burú ju ìyẹn lọ: kí àwọn èèyàn pa ọjà wọn tì. Náírà lè dúró, gbèsè lè tán, ṣùgbọ́n tí oníbàárà bá ti bá ọjà mìíràn lọ, kì í sábà padà. Ibí ni ṣọ́ọ̀bù yín ti wúlò. Páálí tó máa ń tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan tẹ́lẹ̀, ọjọ́ mélòó ló ń lò báyìí? Tí ọjà wọn ò bá sí nílẹ̀, ṣé àwọn oníbàárà máa ń ní "màá padà wá" ni, àbí wọ́n á mú ti ẹlòmíì láìjanpata? Ṣé sáṣẹ́ẹ̀tì nìkan ló ń lọ, tí èyí tó wà nínú agolo ń kún fún eruku? Ẹ tún kíyè sí aṣojú wọn. Ṣé ó ń bẹ̀ yín ní ìparí oṣù kí ẹ kó ju bẹ́ ẹ ṣe ń tà lọ, kí ẹ máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀? Ọjà tí wọ́n bá tì sí ṣọ́ọ̀bù yín, wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti tà, nígbà tó jẹ́ pé orí pẹpẹ yín ló wà. Ẹ rántí pé ní 2006, Cadbury Nigeria fúnra rẹ̀ kéde pé ìṣirò tí wọ́n ti gbé jáde fún ọdún mélòó kan ti bù mọ́ òótọ́. Nítorí náà, èmi kì í gba èrè orí ìwé gbọ́ tí n kò bá rí i pé owó gidi wọlé láti inú títà.

Nígbà míì, iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló máa ń jáwọ́. Ẹ̀yin náà á rántí pé ní March 2023, Unilever Nigeria kéde pé àwọn ò ní ṣe OMO, Sunlight àti Lux mọ́.

Ohun kan tún wà tí ọmọ yín lè má tíì gbọ́ rí. Iléeṣẹ́ tí gbèsè bá wọ̀ lọ́rùn lè padà wá bá àwọn onípìn-ín rẹ̀ pé kí wọ́n mú owó sí i wá. Nigerian Breweries pàdánù bíi bílíọ̀nù ₦106 ní 2023. Ní 2024, wọ́n gbé ìpín tuntun síwájú àwọn onípìn-ín, bíi bílíọ̀nù ₦600 lápapọ̀, kí wọ́n lè fi san gbèsè: ìpín tuntun 11 fún ẹni tó bá ní 5, ní ₦26.50 ẹyọ kan. Ẹni tó ní 5,000 ní láti wá ₦291,500 kí ó tó lè gba gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò rí owó náà, tí ìpín tuntun bá sì tà tán, ohun tó jẹ́ tirẹ̀ nínú iléeṣẹ́ náà kò ní tó ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tó ní tẹ́lẹ̀. Onípìn-ín ńlá láti òkè òkun rí owó yẹn san. Ṣé ẹ̀yin á rí i, láìta ẹrù ṣọ́ọ̀bù?

Ní ti èrè tí wọn ò san, ẹ má retí pé yóò dé lọ́dún tí iléeṣẹ́ bá kọ́kọ́ jèrè padà. Kòtò tí àdánù ọdún méjì ti gbẹ́ ni èrè tuntun yóò kọ́kọ́ dí.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó yín. ₦750,000 yìí ní iṣẹ́ tó ń ṣe: ẹ ó fi kó ọjà, ẹ ó tà á kí ọdún tó parí, ẹ ó sì san kọ́pẹ́rétíìfù padà. Owó tó ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbà á kì í wọ inú ìpín iléeṣẹ́ tó ń ṣàìsàn, torí ọjọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀ lè jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ń tà á ní ₦11. Tí ẹ bá ta ọjà ọdún tán, tí èrè yín sì wọlé, ẹ yọ èyí tí ẹ kò ní fọwọ́ kàn fún ọdún márùn-ún, ì báà jẹ́ ₦100,000. Kódà nígbà náà, ẹ má rà á tán lẹ́ẹ̀kan. Ẹ dúró kí ìṣirò oṣù mẹ́ta-mẹ́ta jáde lẹ́ẹ̀mejì, kí gbèsè máa dín, kí páálí sì máa lọ ní ṣọ́ọ̀bù yín.

Ọmọkùnrin àdúgbò yẹn ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó owó lé e lọ́wọ́, bó ti wù kí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ yín tó. Ọ̀dọ̀ alágbàtà tí SEC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọjà ìpín, fún níwèé àṣẹ ni wọ́n ti ń ra ìpín, orúkọ rẹ̀ sì wà lórí ìkànnì àjọ náà. Yóò ṣí àkáǹtì fún yín lórúkọ tiyín ní CSCS, iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹni tó ni ìpín, pẹ̀lú BVN àti NIN yín, ibẹ̀ ni ìpín yóò sì máa wà. Owó yín á ti àkáǹtì báńkì yín lọ sí ti iléeṣẹ́ alágbàtà tààrà, kì í ṣe sí ti ẹnikẹ́ni.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ iye páálí wọn tí ẹ ń tà lọ́sẹ̀ sílẹ̀ láti Mọ́ńdè yìí. Tí ìṣirò wọn tó kàn bá jáde, kí ọmọ yín fi ojú ewé gbèsè àti ti owó tó wọlé ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú ìwé tí ẹ kọ yẹn, ká jọ fi wọ́n wéra kí ẹ tó san kọ́bọ̀.