Ṣé kí n kàn máa fi «if» rọ́pò «bí»?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo fẹ́ ṣe èdè kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé á lè fi Yorùbá kọ. Wọ́n ní Lisp, èdè kọ̀ǹpútà kan, ló rọrùn jù láti fi ṣe é, pé ńṣe ni macro rẹ̀ (ohun tó ń sọ kóòdù kan di òmíràn) ń wá ọ̀rọ̀ kan, tó ń fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Mo ti fi Python, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn, kọ ètò kékeré kan tó ń sọ «bí» di «if», ṣùgbọ́n ó máa ń dàrú nígbà míì. Ṣé kí n ra kọ̀ǹpútà tó lágbára sí i ni?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, fi owó rẹ sápò. Kọ̀ǹpútà rẹ ò jẹ̀bi. Ẹni tó ṣàlàyé macro fún ọ ló ṣì ọ́ lọ́nà, àwọn kan sì ń gbowó lórí WhatsApp láti fi irú ẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. `#define`, àṣẹ inú èdè C tó ń fi ọ̀rọ̀ rọ́pò ọ̀rọ̀, ni wọ́n ń rò. Ti Lisp kọ́ nìyẹn.

Wo ohun tí ètò rẹ ń ṣe. Ọmọ kan kọ `(kọ "Sọ bí o ṣe dàgbà tó")`. Ohun tó máa jáde ni «Sọ if o ṣe dàgbà tó». Èyí tó pe orúkọ kan ní `ọjọ́-ìbí`, tirẹ̀ ti di `ọjọ́-ìif`. Ìwọ náà rí i!

Nínú Lisp, reader ló kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń ka lẹ́tà inú fáìlì, tó ń sọ wọ́n di list, ìyẹn àkójọ tó wà nínú àkámọ́. Kí macro tó dé, ohun tó wà nínú àmì àyọlò ti dá dúró, `ọjọ́-ìbí` ti di orúkọ kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni ò lè gé sí méjì. List ni macro ń gbà, list ló sì ń dá padà. Kò rí lẹ́tà kankan. Bó ṣe rí nìyẹn láti 1963 tí Timothy Hart ti fi macro kún Lisp tí John McCarthy dá sílẹ̀. Ní Racket, tó jẹ́ ẹ̀yà Lisp kan, ìlà kan ti tó:

`(define-syntax-rule (bí a b d) (if a b d))`

Kọ ọ́, kí o pa ti Python yẹn rẹ́.

Èyí tó tún burú jù ni kí àṣìṣe wà kí kọ̀ǹpútà má sọ̀rọ̀. Ká ní o fẹ́ macro tó ń pààrọ̀ ohun tó wà nínú orúkọ méjì:

`(define-syntax-rule (pààrọ̀ x y)`
`  (let ([àpò x]) (set! x y) (set! y àpò)))`

Bí ọmọ kan bá wá kọ `(pààrọ̀ àpò owó)` ńkọ́? Fi ọ̀rọ̀ rọ́pò ọ̀rọ̀, á di `(let ([àpò àpò]) …)`: àpò inú macro á bo ti ọmọ náà mọ́lẹ̀, kò sí ohun tó pààrọ̀, kò sì sí àṣìṣe tí wàá rí kà. Racket mọ àpò tìrẹ yàtọ̀ sí ti ọmọ náà. `defmacro`, tí wọ́n fi ń ṣe macro ní Common Lisp (ẹ̀yà Lisp mìíràn), ò mọ̀ ọ́n. Ìwọ fúnra rẹ lo máa lo `gensym`, tó ń dá orúkọ tuntun tí kò ní bá ti ẹnikẹ́ni dọ́gba.

Tí àkámọ́ lo fẹ́ yọ kúrò, iṣẹ́ reader nìyẹn, kì í ṣe ti macro. Ìlà `#lang` tó wà lókè fáìlì Racket ló ń yan reader. Fi àkámọ́ sílẹ̀ ná, àwọn ọmọ á mọ́ ọn lára.

Ibi tó yẹ kí o lo agbára rẹ sí ni àmì ohùn. Fóònù kan á kọ `í` bíi lẹ́tà kan. Òmíràn á kọ `i`, á sì fi àmì òkè tẹ̀ lé e. Lójú wa, `bí` kan náà ni. Lójú Racket, orúkọ méjì ni. Jẹ́ kí reader rẹ fi `string-normalize-nfc` sọ wọ́n di ọ̀kan.

Tí o bá sì fẹ́ gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹnikẹ́ni máa fi kóòdù ránṣẹ́, dúró ná. Kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni macro ti ń ṣiṣẹ́, ó sì lè pa fáìlì rẹ́. Ní Common Lisp, kóòdù tó tẹ̀ lé `#.` lè ṣiṣẹ́ nígbà tí reader ṣì ń kàwé. Sọ `*read-eval*` di `nil` kí ìyẹn má bàa ṣẹlẹ̀. Racket ní `racket/sandbox`, tó ń dín ohun tí kóòdù àjèjì lè ṣe kù. Mi ò tíì rí kóòdù rẹ o, n ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Wá ẹni tó mọ̀ nípa ààbò kó yẹ̀ ẹ́ wò kí o tó ṣí i fún ọmọ kankan.