Lọ́yà tó ń bá wọn gba gbèsè: ohun tí ojú mi rí

Àbúrò tó ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Unilorin, tó béèrè bóyá iṣẹ́ gbígba gbèsè àti ọ̀rọ̀ iléeṣẹ́ tó wọko gbèsè lè bọ́ lọ́yà ní Ìlọrin níbí, àbí dandan ni kéèyàn lọ sí Èkó: ó lè bọ́ ọ. Òun ló ń bọ́ mi. Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi.

Ọdún kẹta tí mo di lọ́yà ni Alhaja kan tó ń ta àgbàdo ní Ìpàtà wá bá mi. Iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe oúnjẹ adìyẹ jẹ ẹ́ ní mílíọ̀nù 11 náírà. Wọn ò lè jiyàn gbèsè náà, oṣù mélòó kan ni adájọ́ fi dá wa láre. Inú mi dùn débi pé èmi fúnra mi tẹ̀ lé báílìfù kóòtù lọ síléeṣẹ́ náà láti gba dúkìá wọn. A bá ẹ̀rọ ìlọkà ńlá méjì àti jẹnẹrétọ̀ níbẹ̀. Máníjà ò bá wa jà rárá. Ó yọ ìwé kan nínú fáìlì tí òǹtẹ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, wà lára rẹ̀: wọ́n ti fi gbogbo ẹ̀rọ yẹn dógò fún báǹkì láti ọdún méjì sẹ́yìn. Kò pẹ́ tí báǹkì fi rán receiver, ẹni tó ń bá wọn gba dúkìá tí wọ́n fi dógò, wá kó gbogbo rẹ̀. Alhaja na ìwé ìdájọ́ sí mi, ó ní, "Lọ́yà, kí ni kí n wá fi èyí ṣe?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ká ní mo ti yẹ ìwé iléeṣẹ́ náà wò ní CAC kí n tó pẹjọ́, ǹ bá ti mọ̀.

Látìgbà náà, mi ò kí ń kọ lẹ́tà kan kí n tó mọ ẹni tó ti di dúkìá mú ṣáájú. Charge, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí báǹkì ní lórí dúkìá tí iléeṣẹ́ fi dógò fún un, gbọ́dọ̀ wọ ìwé CAC láàárín 90 ọjọ́. Tí báǹkì bá gbàgbé, agbára rẹ̀ ò ká àwọn yòókù tí wọ́n jẹ lówó mọ́. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n fi dógò, béèrè ìwé àṣẹ gómìnà, torí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ní dandan ni. Kí o sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé ìṣirò owó. Akáǹtáǹtì kan ni mo sanwó fún kó máa kọ́ mi nírọ̀lẹ́.

Oníbàárà á ní kí o kó ọlọ́pàá lọ bá onígbèsè. Má gbà láéláé. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 ní wọn ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn torí àdéhùn tí kò mú ṣẹ nìkan. Láyé àtijọ́, ológò ni wọ́n ń rán lọ jókòó ti onígbèsè. Ìwé ni tiwa. Tí gbèsè bá ju ₦200,000 lọ, tí iléeṣẹ́ ò sì san án láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó rí ìwé rẹ, o lè ní kí Ilé Ẹjọ́ Gíga Àpapọ̀ tú u ká. Ṣùgbọ́n má kánjú débẹ̀. CAMA 2020, òfin tó de àwọn iléeṣẹ́, ti fàyè sílẹ̀ fún administrator tó lè gbìyànjú láti gbé iléeṣẹ́ dìde, ìgbà míì sì rèé, ẹ̀mí iléeṣẹ́ yẹn ni owó oníbàárà rẹ wà.

Tí o bá fẹ́ di insolvency practitioner gan-an, ìyẹn ẹni tí òfin gbà láyè láti bójú tó ọ̀rọ̀ iléeṣẹ́ tó wọko gbèsè, lẹ́yìn Law School, ó kéré tán ọdún márùn-ún lẹ́nu iṣẹ́ náà, kí o wọ BRIPAN, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, tàbí ẹgbẹ́ míì tí CAC mọ̀, kí CAC náà sì fọwọ́ sí i.

Alhaja ṣì jẹ́ oníbàárà mi. Kó tó já àgbàdo láwìn fún ẹnikẹ́ni, á kọ́kọ́ fi orúkọ iléeṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sí mi. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló fi ọ̀kan ránṣẹ́. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, charge méjì ló wà lórí ẹ̀. Mo ní kó gbowó rẹ̀ lọ́wọ́ kí mọ́tò tó gbéra.