Ẹ wo lẹ́tà ọ dáadáa kí ẹ tó yan fọ́ọ̀ntì

Ẹ kú ará fẹ́ra kù màmá o. Ẹ béèrè pé bold italic (lẹ́tà tó ki, tó sì tẹ̀) tó ní ẹsẹ̀ (ìlà kékeré ní ìparí lẹ́tà) wo ló máa yẹ orúkọ wọn lójú ìwé ètò ìsìnkú, àti pé ṣé ẹ lè fi kọ oríkì wọn pẹ̀lú. Mo ti jẹ ìyà ọ̀rọ̀ yìí rí, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, nígbà tí bàbá mi kú.

Àgbẹ̀ ni bàbá mi. Ohun tí a ní kí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn ìwé ni “Ọkọ́ bàbá ti sinmi.” Fọ́ọ̀ntì, ìyẹn irú lẹ́tà, tí atẹ̀wé yàn rẹwà: ó ki, ó tẹ̀ sọ́tùn-ún bí ẹni tó ń kánjú, ẹsẹ̀ rẹ̀ mú ṣóṣó. Ṣùgbọ́n kò ní lẹ́tà ọ. Gbogbo ibi tó yẹ kí ọ wà, àpótí òfìfo ló jókòó síbẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bá pa àpótí rẹ́, ó fi lẹ́tà o àti ó rọ́pò, torí wọ́n wà nínú fọ́ọ̀ntì òyìnbó gbogbo. Ọ tó ní àmì nísàlẹ̀ ló máa ń wọ́n. Ẹ yọ àmì ìsàlẹ̀ kúrò nínú ọkọ́ kí ẹ wo ohun tó kù. Òun ni wọ́n tẹ̀ ní ẹ̀dà 300, tí wọ́n pín fún àwọn àgbà ìjọ. Ìyá mi kà á, wọ́n pa ìwé náà dé, wọn ò ṣí i mọ́ títí a fi dé ibojì. Àbúrò bàbá mi obìnrin jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń fi bírò to àmì sábẹ́ ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí mo bá ọ̀gá atẹ̀wé, ó ní kọ̀ǹpútà kò gbọ́ Yorùbá. Irọ́ ni! Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, ti fún lẹ́tà ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1ECD. Ọ́ tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ ni kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo: ọ la máa kọ́kọ́ tẹ̀, àmì ohùn á wá gùn ún, fọ́ọ̀ntì ló sì máa gbé e sí àárín orí. Lẹ́tà tó bá tẹ̀, orí rẹ̀ ti yẹ̀ kúrò lókè ìdí rẹ̀. Fọ́ọ̀ntì tí kò mọ̀ ọ́n ṣe á ju àmì sórí lẹ́tà ẹlòmíì.

Fọ́ọ̀ntì Charis SIL àti Noto Serif mọ̀ ọ́n ṣe, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì. Ẹ gbé e sórí kọ̀ǹpútà, ẹ sọ iṣẹ́ di PDF, ó parí.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ayédèrú. Bí fọ́ọ̀ntì kò bá ní bold italic tirẹ̀, kọ̀ǹpútà á kàn ti lẹ́tà lásán sẹ́gbẹ̀ẹ́, á fi dúdú kún un lára. Ẹ wo a kékeré. Nínú italic gidi, kì í sábà ní òrùlé lórí, ó máa ń rí bí èyí tí a fọwọ́ kọ. Ìkọ̀wé ọwọ́ ni Francesco Griffo, agbẹ́lẹ́tà, wò gbẹ́ italic fún Aldus Manutius, atẹ̀wé ní Venice, tí wọ́n fi tẹ odindi ìwé ní 1501.

Oríkì ńkọ́? Rárá o. Ìlà kan tàbí méjì ti tó. Tó bá ti kún ojú ewé, á dúdú pọ̀ mọ́ra, ojú àgbà ò ní gbà á.

Oníbánà náà, ẹ dúró tì í. Fọ́ọ̀ntì tirẹ̀ ló máa lò bí ẹ bá yí ẹ̀yìn padà. Ẹ fi orúkọ màmá ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, màá tẹ̀ ẹ́ ní Charis àti Noto kí ẹ fi wéra.