Ìpara líle tó ń yọ́ nínú báàgì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ìbàdàn ni mo ń gbé. Mo fẹ́ máa ṣe ìpara líle nílé, èyí tó dì bí ọṣẹ tí èèyàn kàn máa fi ra ara. Ìlànà tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní kí n po ife ìda oyin kan, ife òrí kan àti ife àdín àgbọn kan pọ̀. Mo họ ìda náà kó lè tètè yọ́, mo sì ṣe gbogbo ẹ̀ bí wọ́n ṣe wí. Ó dì lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí mo bá gbé e sínú báàgì, á rọ̀, á máa làágùn, kóró wínníwínní sì tún wà lára ẹ̀. Ṣé kí n fi omi òdòdó rósì sí i kí òróró ẹ̀ lè dín kù? Ṣé ó nílò oògùn tí kò ní jẹ́ kó bàjẹ́? Mo fẹ́ fún àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nínú ẹ̀.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ sọ pé ẹ họ ìda yẹn, torí ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ìda tí a họ, tí a wá bù sínú ife, àlàfo ló pọ̀ nínú ẹ̀. Ó lè má ju ìdajì ìwúwo ife òróró kan lọ. Ọ̀kan-ọ̀kan-ọ̀kan tí wọ́n ń pè yẹn, orí síkéèlì ló ti tọ́, kì í ṣe inú ife. Òróró lẹ ṣe ní àṣejù, ìda ò tó.

Ẹ wá fi ooru tiwa kún un. Nǹkan bíi 24°C ni àdín àgbọn ti ń yọ́. Níbi tí òtútù wà, gbagidi ló máa ń dì sínú ìgò; ní Ìbàdàn lọ́sàn-án, omi ni. Òrí náà, tí ooru bá ti ń sún mọ́ ti ara èèyàn báyìí, ó ti ń rọ̀ nìyẹn. Ìda nìkan ni kì í mira: ó di 62 sí 64°C kó tó yọ́. Nítorí náà, ìlànà tí wọ́n kọ fún ìlú olótùútù, a ò lè gbé e bó ṣe wà ká máa lò ó níbí.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ni pé kí wọ́n fi ìda gíráàmù 80, òrí gíráàmù 80 àti àdín àgbọn gíráàmù 40 bẹ̀rẹ̀. Gíráàmù 200 ni gbogbo ẹ̀, ìda sì kó ìdá méjì nínú márùn-ún. Tí ọyẹ́ bá dé, tí ara ń ya, ẹ lè dín ìda kù sí 60, kí ẹ sọ àdín di 60. Ẹ má sọ pé kí ìda ṣáà pọ̀ kó má baà yọ́ o: tó bá ti pọ̀ jù, ìpara náà á máa fa ara dípò kó yọ̀, á sì lẹ̀ mọ́ni lára. Síkéèlì kékeré tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò tó yín.

Ìda fúnra ẹ̀ ńkọ́? Àwọn kan ń yọ́ àbẹ́là pọ̀ mọ́ ọn tà. Ìda gidi máa ń rùn bí oyin, tí ẹ bá sì fi ọwọ́ fún un mọ́lẹ̀ díẹ̀, á rọ̀ débi tí ẹ fi lè mọ ọ́n. Tó bá ń fọ́ wẹ́wẹ́, tí kò lóòórùn kankan, ẹ dá a padà fún olówó ẹ̀. Èmi fẹ́ràn kí n gba afárá tí àwọn olóyin ti fún oyin inú ẹ̀ tán, torí ọ̀pọ̀ wọn ló ń dà á nù. Ẹ sè é nínú omi lórí iná tó rọra, ẹ sẹ́ ẹ gba inú aṣọ mímọ́, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ìda á léfòó, á dì sójú omi. Ìdọ̀tí tó kù á lẹ̀ mọ́ abẹ́ ẹ̀, ẹ fi ọ̀bẹ họ ọ́ dànù. Ẹ jẹ́ kó gbẹ táútáú kí ẹ tó lò ó. Ìkòkò tí ẹ bá fi ṣe é, ẹ má fi se ọbẹ̀ mọ́, torí ìda kì í tán lára ìkòkò bọ̀rọ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ yọ́ ọ, ẹ má gbé e lé iná ní tààrà. Ẹ gbé abọ́ sórí ìkòkò omi gbígbóná, kí ìda kọ́kọ́ yọ́, kí òrí tẹ̀ lé e, kí àdín wọlé kẹ́yìn. Ẹ má kúrò nídìí ẹ̀. Bó bá ṣẹlẹ̀ pé iná ràn mọ́ ọn, ẹ pa gáàsì kí ẹ fi ìdérí bò ó. Ẹ ò gbọdọ̀ da omi sí i.

Kí ẹ tó dà á sínú móòdù, ìyẹn abọ́ kékeré tí ẹ fẹ́ kó dì sí, ẹ kán díẹ̀ sórí àwo, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, kí ẹ wá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Tí ìka bá wọlé, ẹ fi ìda kún un. Tó bá le tí kò fẹ́ yọ́ sára, ẹ kán àdín sí i. Báyìí náà lẹ ṣe máa gba èyí tí ẹ ti ṣe là: ẹ yọ́ gbogbo ẹ̀ padà, ẹ máa fi ìda kún un díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa dán an wò lórí àwo. Kò sídìí láti dà á nù.

Kóró yẹn, òrí ló ń ṣe é. Oríṣiríṣi ọ̀rá ló wà nínú òrí, wọn kì í sì í dì lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá ń tutù díẹ̀díẹ̀ lórí tábìlì, àwọn tó ń tètè dì á ti kóra jọ di kóró kí àwọn yòókù tó dé. Kò lè pa yín lára. Àmọ́ tí ẹ ò bá fẹ́ ẹ, gbàrà tí ẹ bá dà á tán ni kí ẹ gbé e sínú fíríísà fún bí ìdajì wákàtí. Tí kò bá síná, ẹ ra yìnyín, kí ẹ to móòdù lé e lórí nínú àwo, kí omi má ṣáà ta sí i.

Òógùn tí ẹ ń rí, ẹ fi ìka nù ún wò. Tó bá yọ̀, òróró ni, ìda ló kéré. Tó bá gbẹ lọ, omi ni, ẹ tètè dì í lọ́rá nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti fíríísà jáde. Báàgì wa sì máa ń gbóná. Agolo pẹlẹbẹ onídèérí ló yẹ ẹ́, kì í ṣe bébà. Ẹ má fi sílẹ̀ nínú mọ́tò tó wà nínú oòrùn.

Omi òdòdó rósì, rárá o. Omi àti òróró ò ní pò pọ̀ bẹ́ẹ̀ lásán. Ibi tí omi bá sá pamọ́ sí nínú ẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti bu. Oyin àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ náà ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Nígbà tí kò ti sí omi nínú ẹ̀, kò nílò oògùn tí kò ní jẹ́ kó bàjẹ́, ìyẹn èyí tó ń pa kòkòrò tó ń mú nǹkan bu. Fítámì E gíráàmù kan tàbí méjì á jẹ́ kó pẹ́ kí òróró ẹ̀ tó kan, iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń fi ọwọ́ tútù mú un, ẹ ti ń gbé omi wọlé fún un nìyẹn. Ara ni kó ní omi díẹ̀, kì í ṣe ọwọ́: ẹ fi pa á kété tí ẹ bá wẹ̀ tán, kó lè sé omi náà mọ́ ara.

Ti ìyá ọmọ, ẹ má fi lọ́fínńdà tàbí òróró olóòórùn kankan sí i. Kó kọ́kọ́ fi díẹ̀ pa apá fún ọjọ́ kan, kó wò ó bóyá ara á yún un. Tó bá fi pa ọmú, kó nù ún kúrò kí ọmọ tó mu. Tí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ bá wá ń béèrè pé èló lẹ ń tà á, ẹ lọ forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NAFDAC kí ẹ tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.